Láàrin ọkọ̀ onítura àti ọkọ̀ asáré, èwo ni ọ̀nà wa lè gbà?

Ẹni tí ó bá gba títì tí ó ti Kútọnu lọ sí Àjàṣẹ́ yóò rí àwọn pápá tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀, tí wọ́n to ọkọ̀ sínú oòrùn lọ súà. Kì í pẹ́ kí ojú rẹ̀ tó bá oríṣi méjì kan tí wọ́n jọ ti ilẹ̀ Jámánì wá: Mercedes Class E àti BMW Série 5. Ọjọ́ orí àwọn méjèèjì sábà máa ń súnmọ́ra, owó wọn kì í sì í jìnnà síra púpọ̀. Ẹni tí ó ti fi ọdún mẹ́wàá tọ́jú owó, ìbáà ṣe olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, ìbáà ṣe ìyá tí ń ta aṣọ ní ọjà Kétu, yóò dúró láàrin wọn, yóò máa wo ọ̀tún, yóò máa wo òsì. Ọmọ tí ó tẹ̀ lé e wá ti na ọwọ́ sí BMW. Ẹni tí ń tà wọ́n á ní ọ̀kan náà ni wọ́n, pé èyí tí ó bá wu ojú ni kí wọ́n mú.

Ọ̀kan náà kọ́. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn yóò fi owó ńlá kọ́ ọ, nítorí pé kì í ṣe ọjọ́ tí a ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni jù. Ọdún kejì àti ọdún kẹta ni. Ìyàtọ̀ náà kò sì sí nínú àmì iwájú ọkọ̀ tó bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Inú irin ni ó wà, inú táyà, àti inú èrò àwọn tí wọ́n kọ́ ọkọ̀ náà.

Kí a ti inú èrò wọn bẹ̀rẹ̀. Karl Benz gba ìwé àṣẹ lórí ọkọ̀ rẹ̀ onítáyà mẹ́ta ní ọdún 1886, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè kọ́ Mercedes ní ìtàn ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ Class E di ẹni mímọ̀ káàkiri ayé ni àwọn ọkọ̀ tí ó ṣáájú rẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní W123. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1976, ó sì ti tó bíi 2,700,000 kí wọ́n tó dá a dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ 1986. Ọkọ̀ takisí ni ní Jámánì. Ní ilẹ̀ Mọ̀rókò, ó gbé èrò láti ìlú dé ìlú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí ó bá ń ṣe ọkọ̀ tí yóò di takisí mọ̀ pé ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn ni ó ń sanwó. Ìjókòó gbọ́dọ̀ rọ̀, ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ gbé kòtò mì láìjẹ́ kí èrò mọ̀.

Ti BMW yàtọ̀. Ẹ̀rọ ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Munich nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1959, díẹ̀ ni ó kù kí Daimler-Benz, àwọn tí wọ́n ni Mercedes, gbé ilé iṣẹ́ náà mì pátápátá. Àwọn tí wọ́n ní ìpín kékeré nínú rẹ̀ àti àwọn tí ń bá a ta ọkọ̀ ni wọ́n kọ̀ jálẹ̀ ní ìpàdé ọjọ́ náà, lẹ́yìn èyí ni Herbert Quandt fi owó tirẹ̀ gbé e dìde. Ilé iṣẹ́ tí ó ti fojú rí ikú báyìí kò lè máa ṣe ọkọ̀ tí ó jọ ti aládùúgbò rẹ̀. Ó yan ọ̀nà mìíràn: ọkọ̀ ìdílé onílẹ̀kùn mẹ́rin tí ń sáré, tí ń gbọ́ràn sí awakọ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí Série 5 àkọ́kọ́ fi jáde ní 1972, ọ̀nà yìí ti di mímọ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ọ̀rọ̀ tí BMW fi ń polówó ara rẹ̀ ní èdè Jámánì ni Freude am Fahren, tí ó túmọ̀ sí ayọ̀ inú wíwakọ̀. Kí ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin òǹkàwé: wíwakọ̀ ni wọ́n wí, wọn kò dárúkọ jíjókòó.

Báwo ni èrò méjì yìí ṣe di irin? Lábẹ́ ọkọ̀, ní ìdí táyà kọ̀ọ̀kan, irin kan wà tí wọ́n ká bí ejò, tí ń súnkì tí ó sì ń nà padà nígbà tí táyà bá bọ́ sí kòtò. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ohun tí àwọn mẹ̀kánìkì wa ń pè ní amortisseur wà, tí òróró inú rẹ̀ ń dá irin náà lẹ́kun kí ó má baà máa jó lọ títí. Bí àwọn méjèèjì bá rọ̀, ọkọ̀ yóò máa rìn bí ọkọ̀ ojú omi. Ara á tu èrò, ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá yà lójijì, ọkọ̀ á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò sì gba àkókò díẹ̀ kí ó tó dúró déédéé. Bí wọ́n bá le, ọkọ̀ kì í tẹ̀. Bí ọwọ́ awakọ̀ bá ti ń yà ni ó ń yà. Àmọ́ òkúta kékeré tí táyà bá gùn, ìdí èrò á mọ̀ ọ́n. Mercedes fi ara sí apá kìíní, BMW fi ara sí apá kejì. BMW tún máa ń gbìyànjú kí ìdajì ìwọ̀n ọkọ̀ wà níwájú kí ìdajì sì wà lẹ́yìn, kí orí ọkọ̀ má baà wúwo nígbà tí ó bá ń yà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn sí ojú jù ni ara táyà, ẹni tí ó bá sì lè ka nọ́ḿbà lè kà á fúnra rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lára táyà Class E tí wọ́n ṣe láàrin 2002 sí 2009, a lè rí 225/55 R16. 225 ni fífẹ̀ táyà náà ní mìlímítà. 55 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí a bá pín fífẹ̀ náà sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún: ìyẹn ni pé rọ́bà tí ó wà láàrin ilẹ̀ àti irin jáǹtì ga tó mìlímítà 124. 16 ni ìwọ̀n jáǹtì fúnra rẹ̀ láti etí òkè dé etí ìsàlẹ̀, ínṣì ni wọ́n fi ń kà á. Kí a wá lọ sí ìdí Série 5 ọjọ́ orí kan náà tí ó jẹ́ ti M Sport. Níwájú, a ó rí 245/40 R18, tí gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 98. Lẹ́yìn, 275/35 R18 ni, kò sì ju mìlímítà 96 lọ.

Ìyàtọ̀ mìlímítà 26 tàbí 28 dàbí ohun tí kò tó nǹkan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju fífẹ̀ àtàǹpàkò lọ. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú àlàfo náà ni tìmùtìmù tí ọkọ̀ gùn lé. Nígbà tí táyà bá kọlu etí kòtò, rọ́bà gíga á tẹ̀, á sì padà. Rọ́bà kúkúrú á tẹ̀ títí yóò fi kan jáǹtì, irin á sì pàdé òkúta. Jáǹtì á wọ́, tàbí kí ẹ̀gbẹ́ táyà wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ olùrà kò mọ̀ ni pé táyà yìí kì í tẹ̀ lé orúkọ ọkọ̀. Série 5 tí ẹ̀rọ rẹ̀ kéré, bíi 520d ìgbà náà, lè ti ilé iṣẹ́ jáde pẹ̀lú 225/55 R16, táyà kan náà gan-an pẹ̀lú ti Mercedes. Class E tí wọ́n fi jáǹtì AMG sí, ní ìdàkejì, lè wọ 245/40 R18. Ẹni tí ó ní òun ò fẹ́ ọkọ̀ asáré, tí ó tìtorí bẹ́ẹ̀ sanwó Mercedes, lè ti gbé ọkọ̀ asáré lọ sílé láìmọ̀. Mercedes fúnra rẹ̀ pín ọkọ̀ rẹ̀ sí ìsọ̀rí: Elegance wà fún àwọn tí ó fẹ́ ìtura, Avantgarde wà fún àwọn tí ó fẹ́ kí ọkọ̀ túbọ̀ súnmọ́ ilẹ̀. Lára àwọn Class E tí ó jáde láti 2013, a tilẹ̀ lè mọ̀ wọ́n láti òkèèrè. Ìràwọ̀ Elegance kéré, ó sì dúró ṣánṣán lórí ìdérí ẹ̀rọ. Ti Avantgarde tóbi, àárín àwọ̀n iwájú ọkọ̀ ni wọ́n fi í sí. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn ìràwọ̀ ńlá náà. Kò burú, bí wọ́n bá mọ ohun tí ó bá a wá.

Irú ọ̀nà wo wá ni ọkọ̀ náà yóò máa tọ̀? Jámánì ni wọ́n ti kọ́ àwọn méjèèjì, ilẹ̀ tí ọ̀nà ńlá rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí apá púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì ní òfin eré. Láti Kútọnu dé Parakou lórí RNIE 2, títì ń bẹ, ṣùgbọ́n òkìtì tí wọ́n tẹ́ sójú ọ̀nà láti dá eré dúró ń bẹ ní ẹnu abúlé, àwọn akẹ́rù sì máa ń tẹ ojú títì di ipa méjì. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní Ṣábẹ̀ tàbí ní Kétu lè ní láti bọ́ kúrò lórí títì sórí ilẹ̀ pupa kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀. Ní Kútọnu, ètò Asphaltage ti sọ ọ̀pọ̀ òpópónà di ọ̀nà ọ̀dà tàbí ọ̀nà òkúta títẹ́, síbẹ̀ àwọn vọ́n oníyanrìn kò tíì tán, òjò oṣù Kẹfà sì máa ń bo kòtò inú wọn tí ojú awakọ̀ kò fi ní rí i. Lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, rírọ̀ ọkọ̀ ni ẹ̀mí gígùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà lórí táyà BMW. Púpọ̀ nínú Série 5 tí wọ́n ṣe láti 2003 wá ni wọ́n fi táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le gidigidi sí, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ runflat. Bí ó bá jò, ó lè gbé ọkọ̀ lọ tó nǹkan bí kìlómítà 80, bí eré kò bá ju 80 lọ ní wákàtí kan. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ wọn kò ní táyà àfipamọ́ lẹ́yìn ọkọ̀ rárá. Ní Jámánì, kìlómítà 80 tó ẹni í dé ibi àtúnṣe. Láti Ṣábẹ̀ dé Parakou fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ìyẹn, táyà náà sì lè jò lóru. Kí ẹni tí ó bá ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá táyà àfipamọ́ kan fi sẹ́yìn kí ó tó jáde nílé.

Èyí kò sọ pé àwọn tí ó yan ọkọ̀ asáré kò gbọ́n. Lórí títì tí ó dán, bí màlúù bá yọ láti inú igbó lójijì, tí awakọ̀ ní láti yà fún un kí ó sì padà sí ipa ọ̀nà rẹ̀ kí akẹ́rù tí ń bọ̀ tó dé, ọkọ̀ tí kì í tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ni ó yẹ kí ó wà lábẹ́ ìdí ẹni. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣehàn. Ẹni tí ó sì ń fúnra rẹ̀ wakọ̀ fún wákàtí márùn-ún mọ̀ pé ọkọ̀ tí ń dá ọwọ́ lóhùn kì í tètè jẹ́ kí oorun kun awakọ̀. Mercedes náà kò sùn sórí èyí. Láti 1999 ni ó ti ń fi ESP sí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ tí ń fúnra rẹ̀ tẹ ìjánu táyà tí ó bá yẹ nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ yọ̀. DSC ni BMW ń pe tirẹ̀. Nítorí náà, àlàfo tí ó wà láàrin wọn lórí ewu kò fẹ̀ tó bí àwọn ọ̀dọ́ ti ń sọ ọ́. Amortisseur tí ó ti gbó a máa ba ti àwọn méjèèjì jẹ́. Èyí tí ó gbó nínú ọkọ̀ onítura ni ó burú jù, nítorí pé ṣe ni ọkọ̀ náà á máa léfòó.

Ìtura ní gbèsè tirẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn Class E kan wà tí kì í ṣe irin kíká ni ó gbé wọn dúró. Àpò afẹ́fẹ́ ni. Airmatic ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ó bá wà ní tuntun, ọkọ̀ á máa kọjá lórí kòtò bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Bí ọdún bá ti gorí ọdún, rọ́bà àpò náà á bẹ̀rẹ̀ sí í là, afẹ́fẹ́ á máa jò lóru, tí ilẹ̀ bá fi mọ́, ọkọ̀ á ti kúnlẹ̀ bíi ràkúnmí. Ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ á wá máa ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó títí yóò fi jóná. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí olùrà dé ìdí ọkọ̀ náà ní òwúrọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó tan án. Àwọn Class E tí wọ́n ṣe láti 2002 sí 2006 tún ní ìjánu tí iná mànàmáná ń darí, tí wọ́n ń pè ní SBC. Ní 2004, Mercedes pe ọkọ̀ bíi 680,000 padà nítorí rẹ̀, ó sì yọ ọ́ kúrò nínú Class E ní 2006. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí irú ọkọ̀ náà, èyí tí ó jáde lẹ́yìn ìgbà náà ni kí ó wá.

Ní ti BMW, inú ẹ̀rọ ni kí a ti máa ṣọ́ra. Ẹ̀rọ onísílíńdà mẹ́fà tí ó tò ní ìlà kan ni iyì rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dùn létí. Láti nǹkan bí 2005, iná mànàmáná ni ó ń yí páǹpù tí ń gbé omi yí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí ká. Bí páǹpù náà bá kú nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Kútọnu, kì í pẹ́ kí ẹ̀rọ tó gbóná kọjá ààlà. Ẹ̀rọ kan tún wà tí wọ́n ń pè ní N53, tí ó jáde ní 2007, tí BMW kò gbé lọ tà ní Amẹ́ríkà nítorí pé imí-ọjọ́ inú epo ibẹ̀ pọ̀ jù fún un. Kí wá ni a ó sọ nípa kpayo tí à ń rà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, tí kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí wọ́n dà mọ́ ọn? Owó kpayo náà kò tún rọ̀ bíi ti àtijọ́ mọ́ láti ìgbà tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023.

Ẹnìkan lè ní kí a kúkú ra Toyota. Kò purọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti fi ọdún mẹ́wàá lá àlá ìràwọ̀ kò ní gbọ́.

Ìbéèrè tí ó kù kò sí lábẹ́ ọkọ̀: ta ni yóò jókòó, níbo ni yóò sì jókòó? Ọkọ̀ tí ẹnì kan rà ní ilẹ̀ wa, ọkọ̀ ẹbí ni. Òun ni yóò gbé ìyá ọmọ tuntun bọ̀ láti ilé ìgbẹ̀bí. Òun ni yóò gbé ìyá àgbà tí ẹ̀yìn ń dùn láti Pobẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn ní Kútọnu, òun náà ni yóò lọ pàdé àwọn àlejò ìsìnkú. Ní ti ẹrù, kò sí ìjà láàrin wọn: ẹ̀yìn Class E ti 2002 sí 2009 gba lítà 540, ti Série 5 ẹgbẹ́ rẹ̀ gba 520. Ní ti ẹni karùn-ún tí yóò jókòó sí àárín lẹ́yìn, ìyà ń jẹ ẹ́ nínú méjèèjì, nítorí pé táyà ẹ̀yìn ni ẹ̀rọ wọn ń yí, irin gígùn tí ń gbé agbára lọ sẹ́yìn sì gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Àwọn méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ọ̀rọ̀ kàn. Ọmọ tí ó fẹ́ ọkọ̀ asáré kì í sábà jẹ́ ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀.

Fún ilé tí ó kún, tí ìrìn àjò rẹ̀ sì ń parí sórí ilẹ̀ pupa, Class E ti lẹ́yìn 2006, tí irin gbé dúró, tí jáǹtì rẹ̀ kò ju 16 lọ, ni ó bọ́gbọ́n mu. Fún ẹni tí ó ń dá wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láti Àjàṣẹ́ sí Kútọnu lójoojúmọ́, tí títì ni ó ń rìn láti ilé dé ibi iṣẹ́, Série 5 kò ní bà á nínú jẹ́, bí kò bá ti jẹ́ ti M Sport. Táyà M Sport tí iwájú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ kò dọ́gba, a kò lè gbé ti iwájú sẹ́yìn kí wọ́n lè jọ jẹ pọ̀. Ti ẹ̀yìn á kọ́kọ́ jẹ tán, ó sì tún wọ́n ju ti iwájú lọ. Kí ẹni tí ó fẹ́ ra irú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ béèrè iye táyà kan ṣoṣo kí ó tó béèrè iye ọkọ̀.

Olùrà ilé ní agbára díẹ̀ lónìí ju ti àtijọ́ lọ. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2017 ni Nàìjíríà ti fi òfin de gbígba ọkọ̀ wọlé láti orí ilẹ̀, àwọn ọkọ̀ tí ì bá ti sọdá sì lè pẹ́ nínú oòrùn. Rọ́bà kò fẹ́ràn oòrùn. Nọ́ḿbà mẹ́rin kan wà ní ẹ̀gbẹ́ táyà tí ń sọ ọjọ́ ìbí rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Bí táyà bá ti dàgbà, kí a yọ owó rẹ̀ kúrò nínú owó ọkọ̀. Ọkọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà wá, máìlì ni ó máa ń kà: 90,000 tí ó hàn lójú rẹ̀ ti di nǹkan bíi kìlómítà 145,000.

Nígbà tí a bá fẹ́ dán ọkọ̀ wò, ẹni tí ń tà á yóò fẹ́ kí a rìn lórí títì dídán lọ, kí a sì padà. Kí a ní kí ó yà sínú vọ́n. Kí olówó ọkọ̀ fi ọmọ sídìí ìwakọ̀, kí òun fúnra rẹ̀ lọ jókòó sẹ́yìn lápá ọ̀tún, kí wọ́n gun òkìtì méjì tàbí mẹ́ta láìsọ̀rọ̀. Bí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ bá ha ilẹ̀, etí á gbọ́ ọ. Bí amortisseur bá ti kú, ọkọ̀ á jó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lẹ́yìn òkìtì. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọkọ̀ onítáyà 18 ni ọkàn kò jẹ́ kí a fi sílẹ̀, ọ̀nà ṣì wà: kí mẹ̀kánìkì wò ó bóyá jáǹtì 16 tàbí 17 yóò gba orí ìjánu rẹ̀, nítorí pé ìjánu àwọn tí ẹ̀rọ wọn lágbára jù tóbi ju kí jáǹtì kékeré gbà á lọ. Bí ó bá gbà á, kí a pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níbẹ̀, kí owó ọkọ̀ tó kúrò lọ́wọ́ ẹni.